Ìsinmi Màmá Dosia ní Ti Sab

Àárọ̀ ọjọ́ tí líìfù Dosia Charlery bẹ̀rẹ̀, kí àkùkọ tó kọ ló ti la ojú sílẹ̀. Ọdún gbọọrọ tó ti ń dáná ní hòtẹ́ẹ̀lì ńlá Anse Kalbas ti kọ́ ojú rẹ̀ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́, oorun kì í bá a dé ìdájí mọ́. Ó ti na ọwọ́ mú aṣọ funfun tí wọ́n fi ń wọ kíṣìnì kó tó rántí pé òun ò lọ síbì kankan. Ó ju aṣọ náà sórí àpótí, ó ní, "Ìwọ náà, lọ sinmi."

Dosia ò gba líìfù rí. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá gba tiwọn, wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Martinique, ẹlòmíì á lọ kí ọmọ ní Toronto, wọ́n á sì mú ṣokoléètì bọ̀ fún un. Lọ́dún yìí ló wọ ọ́fíìsì máníjà, Ọ̀gbẹ́ni Prospere, ó ní òun fẹ́ gba ọ̀sẹ̀ méjì tó tọ́ sí òun. Prospere yìí, ọmọ erékùṣù wa náà ni, ìlú àwọn apẹja kan ní apá ìlà-oòrùn ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ lókè òkun, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ò fọwọ́ kan ẹja tútù rí. Ó ní, "Ó ga o! Ibo lẹ ń lọ, Màmá Dosia?" Dosia ní, "Anse Kalbas." Máníjà rẹ́rìn-ín títí, ó rò pé àwàdà ni.

Kì í ṣe àwàdà. Ohun tí Dosia fẹ́ ò pọ̀. Ó fẹ́ ṣe fún ọjọ́ kan péré bí àwọn àlejò tí òun ń dáná fún ṣe ń ṣe: kó rìn bí ẹni tí ò níbi í lọ, kó jẹ oúnjẹ tí ẹlòmíì sè, nígbà tí oòrùn bá sì ga tán, kó na gbalaja sórí àga gígùn ní etíkun Ti Sab.

Ti Sab yìí gan-an ni wàhálà. Iyanrìn rẹ̀ ò ju bíńtín lọ, ẹ̀yìn hòtẹ́ẹ̀lì ló fara pamọ́ sí, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Anse Kalbas kan tí ìyá rẹ̀ ò wẹ̀ níbẹ̀ kó tó mọ orúkọ ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni Dosia ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Òfin erékùṣù wa ní kò sẹ́ni tó ni iyanrìn etí òkun, gbogbo wa la jọ ni ín. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ò sọ pé èèyàn ò lè ra ọ̀nà tó lọ síbi iyanrìn, ni hòtẹ́ẹ̀lì bá ra ọ̀nà. Wọ́n ri géètì mọ́ ọn, wọ́n fi àgádágodo sí i, wọ́n sì gba Kerwin síbẹ̀ láti máa ṣọ́ ọ, Kerwin tí Dosia fúnra rẹ̀ gbé lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìsàmì. Ẹ ò rí ọgbọ́n burúkú! Wọn ò gba òkun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹsẹ̀ tí a ó fi débẹ̀ ni wọ́n gbà. Ti àwọn òṣìṣẹ́ tiẹ̀ tún le jù: èyí tí wọ́n bá rí ní Ti Sab, tí kì í ṣe pé iṣẹ́ ló gbé e débẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Dosia mọ èyí dáadáa. Ó wọ aṣọ rẹ̀ tó pọ́n bí ìyeyè, ó ti ilẹ̀kùn, ó jáde.

Lójoojúmọ́, eré ló máa ń fi gba ìgboro kọjá bí ẹni tí ajá ń lé. Lónìí, ó rìn. Ó rí i pé wọ́n ti kun pósítọ́fíìsì ní àwọ̀ ewéko, ta ló sì mọ̀gbà tí wọ́n kùn ún? Ó dúró níwájú ilé onípákó àwọn Mondesir, ó wo bí òdòdó ṣe ń gun bálíkónì rẹ̀ tó ti ń dagẹ̀rẹ̀. Ó kí gbogbo ẹni tó pàdé, ó sì dúró gbọ́ èsì. Nígbà tó fi dé èbúté, inú rẹ̀ ti ń dùn díẹ̀díẹ̀, bí omi tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lórí iná.

Clemence, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló ń dín bẹ́kì níbẹ̀, ìyẹ̀fun pípò tó ń wú nínú òróró gbígbóná. Ó rí Dosia, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ṣíbí sínú òróró.

"Dosia! Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Káàárọ̀."

"Káàárọ̀. Kí lo wá ń ṣe nígboro lásìkò yìí? Àbí wọ́n ti lé ẹ?"

"Mo wà ní líìfù."

"Ẹn-ẹ́n! Ibo lò ń lọ?"

"Mo ti débẹ̀."

Clemence wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ yìí, wèrè rẹ ti ń bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́. Òní ló wá wọjà."

"Fún mi ní bẹ́kì méjì, kó o fi ẹja oníyọ̀ sí i. Bu tíì kòkó fún mi. Kó gbóná o."

"Ó dáa, bá mi wo iná yẹn kí n bu tíì."

"Mi ò wo iná ẹnikẹ́ni. Ṣé àlejò máa ń bá ẹ woná ni?"

Ó jókòó lórí bẹ́ńṣì, ó jẹun bí ọmọ ọba, Clemence sì ń pòṣé, ó ń woná fúnra rẹ̀. Nígbà tó jẹun tán, ó bọ́ sí ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ tí wọ́n ti ń ta nǹkan fún àwọn tó bá sọ̀kalẹ̀ látinú ọkọ̀ ojú omi ńlá. Ó ra fìlà koríko kan tó fẹ̀ bí àtẹ, tí wọ́n fi òwú pupa kọ orúkọ erékùṣù wa sí níwájú. Ó dé e padà sọ́dọ̀ Clemence.

"Olúwa ò! Fìlà àlejò! Àbí o ti gbàgbé ibi tí wọ́n bí ẹ sí ni, tó o fi gbé orúkọ ẹ̀ rù sórí?"

"Kí àwọn tó ti gbàgbé lè rí i kà ni."

"Àwọn wo nìyẹn?"

"Mò ń lọ sí Ti Sab."

Ẹ̀rín kúrò lójú Clemence. Ó gbé bẹ́kì kan sókè, ó gbàgbé láti yí i padà. "Dosia, wọ́n á lé ẹ lẹ́nu iṣẹ́. Kò yẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Kerwin ló wà ní géètì. Tó bá ṣí i fún ẹ, iṣẹ́ tiẹ̀ náà lọ. Tí ò bá ṣí i, ìtìjú á pa á kú. Èwo lo fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ ṣe nínú ẹ̀?"

"Ta ló ní mò ń gba géètì lọ? Ṣé wọ́n ti ra omi náà ni?" Dosia dìde. "Bẹ́kì rẹ ń jóná."

Ilé fada wà lójú ọ̀nà tó lọ síbi àpáta. Nígbà tí Dosia débẹ̀, ó bá àwọ̀n ńlá Bàbá Polit, àgbà apẹja ìlú wa, tí wọ́n tẹ́ sórí géètì fada láti òkè délẹ̀, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Bàbá Polit jókòó lórí òkúta, ó ń rán ibi tó ya. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti Ti Sab pa ni ò ti ríbi sá àwọ̀n rẹ̀ mọ́. Géètì ẹni tó bá wù ú ló ń lò. Ní gbogbo ìlú apẹja erékùṣù wa, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan àwọ̀n tó ń gbẹ, àyàfi ẹni tó ni ín. Wọ́n ní ọwọ́ tó bá ká àwọ̀n ẹlòmíì ti ká ẹja gbogbo ìlú lọ. Ọlọ́pàá kì í ká a, adájọ́ kì í ká a. Fada Augustin fúnra rẹ̀ ló ń yọ bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé báyìí, ó ká aṣọ gígùn rẹ̀ dé orúnkún, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn léjìká.

"Fada, ẹ káàárọ̀ o."

"Káàárọ̀, Dosia. Polit ti tún ti mí mọ́lé. Inú ọgbà ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo gbà jáde."

"Bàbá Polit, ẹ ṣàánú fada. Ìgbà wo ló máa gbẹ?"

Bàbá Polit ò gbójú sókè. "Nígbà tó bá gbẹ."

Fada rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Dosia jókòó ti bàbá náà díẹ̀. Ó béèrè pé nígbà wo ni wọ́n ti fa àwọ̀n náà gbẹ̀yìn.

"Fà á ké? Níbo?" Ohùn bàbá náà le. "Omi òkun ni mo kàn fi ń fọ̀ ọ́ lóṣooṣù kó má bàa jẹrà. Ọkọ̀ lè gbé e yí ẹja ká, ọwọ́ àwọn ará ìlú ló ń fà á gúnlẹ̀, Ti Sab nìkan ló sì ṣe é fà sí. Ta ló tilẹ̀ fẹ́ rí ẹja? Láyé ìgbà kan, ẹni kan á wà níbẹ̀ tó ń sinmi lásán, tó ń wojú omi. Bó bá ti rí ẹja, á fọn òkòtó òkun bí fèrè, ẹni tó bá gbọ́ á ju iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ kan okùn ti ní ìpín. Báyìí, kò sẹ́ni tó ń sinmi níbẹ̀ mọ́ àfi àwọn tí ò mọ ẹja."

Dosia tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó dìde. Inú tó ń bí i kì í ṣe kékeré. Kí ni wọ́n ń fi gbogbo iyanrìn yẹn ṣe tí wọn ò fi lè jẹ́ kí arúgbó kan fa àwọ̀n rẹ̀?

Nídìí àpáta, ó bọ́ bàtà, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì gba inú omi. Omi dé orúnkún, ó dé itan. Ìgbì kan dé, ó gbà á ní ìbàdí, ó pariwo, ó sì rẹ́rìn-ín ara rẹ̀. Nígbà tó yí àpáta po tán, Ti Sab yọ sí i, funfun, kékeré, bó ṣe wà lọ́jọ́sí. Ó yà á lẹ́nu pé ojú òun ń ṣomi.

Àwọn àlejò ti na tàntàn sórí àga wọn. Ó kí wọn, "Ẹ káàárọ̀ o." Àwọn kan mi orí. Ó wá àga kan tó ṣófo létí omi, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó ri ẹsẹ̀ méjèèjì bọ iyanrìn títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Ah, ẹ̀yin èèyàn mi! Láti ojú fèrèsé kíṣìnì ló ti ń wo àwọn àga wọ̀nyí láti ìgbà tí wọ́n ti kó wọn dé, kò sì mọ̀ pé báyìí ni wọ́n ṣe ń gba ẹ̀yìn èèyàn mọ́ra. Atẹ́gùn fẹ́ sí i lára. Kò ronú nípa ọbẹ̀ kankan.

Obìnrin àlejò kan tí imú rẹ̀ ti pọ́n lójú oòrùn yí sí i, ó béèrè pé orílẹ̀-èdè wo ló ti wá.

Dosia nawọ́ sókè ọ̀nà. "Ẹ̀yìn géètì yẹn."

"Ṣé ibẹ̀ dáa?"

"Ó dáa gan-an. Wọn ò kàn jẹ́ kẹ́ ẹ rí i ni."

Kò pẹ́ púpọ̀ tí òjìji ènìyàn fi bò ó. Ọ̀gbẹ́ni Prospere ni, pẹ̀lú bàtà dúdú tó ń dán nínú iyanrìn.

"Màmá Dosia, kí lẹ ń ṣe níbí?"

Dosia ń wo òkun.

"Màmá Dosia! Ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀!"

Dosia ṣì ń wo òkun. "Mo ń gbọ́ ohùn ẹnìkan," ó ní, "ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ ẹ káàárọ̀. Bóyá atẹ́gùn ni."

Obìnrin onímú pupa gbé ìwé tó ń kà sílẹ̀ kó lè gbádùn ọ̀rọ̀ náà. Máníjà wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ẹ káàárọ̀."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Mò ń sinmi."

"Ẹ mọ òfin. Ẹ dákun." Ó tẹrí ba, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mò ń lọ sí ọ́fíìsì. Ẹ dìde, ẹ gba ẹnu géètì jáde wẹ́rẹ́, mi ò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tí mo bá padà dé tí ẹ ṣì wà lórí àga yìí, ẹ má wulẹ̀ padà sí kíṣìnì mi mọ́ láyé."

Ó lọ. Ẹ̀rù ba Dosia. N ò ní purọ́ fún yín, ẹ̀rù bà á gan-an. Ta ló fẹ́ gba obìnrin tí gbogbo orí ti funfun síṣẹ́? Òrùlé rẹ̀ ń jò ní yàrá ẹ̀yìn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di àga mú, ó gbé ara sókè ní ìdajì láti dìde.

Ibẹ̀ ló ti rí i. Lẹ́yìn ibi tí ìgbì ti ń fọ́, omi ṣú ní ojú kan, bí òjìji ìkùukùu. Ṣùgbọ́n ìkùukùu ò sí lójú ọ̀run. Òjìji náà ń yí, ó ń súnmọ́ ilẹ̀, ẹyẹ òkun méjì já wọ inú rẹ̀ wọ́ọ́. Ẹja ni. Ọ̀wọ́ ẹja ńlá, tó tó kí gbogbo ìlú jẹ kó ṣẹ́kù.

Dosia wẹ̀yìn. Lórí tábìlì tí wọ́n to táwẹ́ẹ̀lì sí, òkòtó òkun mélòó kan tó tóbi bí orí ọmọdé ni wọ́n fi tẹ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má gbé e lọ. Hòtẹ́ẹ̀lì rà wọ́n nígboro torí pé wọ́n lẹ́wà, wọn ò yẹ̀ wọ́n wò. Ọ̀kan nínú wọn, wọ́n ti gé ṣóńṣó rẹ̀ fún fífọn, ètè àwọn àgbà tó ti kú ti ra ojú ihò rẹ̀ dán. Dosia bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó gbé e. Táwẹ́ẹ̀lì fò lọ.

Ó fọn ọ́n. Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde, bí ẹni tó ń fẹ́ná. Ó tún ètè rẹ̀ ṣe, ó di ẹnu pinpin, ó fi ìbínú ọjọ́ gbogbo fọn ọ́n.

Òkòtó náà ké.

Ó ké lọ sókè ọ̀nà, ó ré géètì kọjá, ó wọ ìgboro. Àwọn àlejò dìde jókòó, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé eré tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ni. Dosia fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fọn ọ́n títí èémí fi tán nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé òkòtó lé itan, ó padà fẹ̀yìn ti àga rẹ̀.

Níbi tó wà, ó rí géètì ní òkè ọ̀nà dáadáa. Oòrùn ti kan àtàrí báyìí. Ariwo ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, kí àwọn èèyàn tó yọ: àwọn tó ń kun ilé, àwọn olùkọ́, Fada Augustin tó ti ká aṣọ sókè lẹ́ẹ̀kejì lónìí, Clemence pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́ dé ìgúnpá. Wọ́n dúró ní iwájú irin. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ tì í. Kerwin dúró ní inú, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Máníjà sá jáde láti ọ́fíìsì.

"Kerwin! O ò gbọdọ̀ ṣí i!"

Fada ló fèsì, ó rọra. "Kerwin, káàsán o."

"Ẹ káàsán, Fada."

"O gbọ́ ọ?"

Kerwin wo máníjà. Ó wo ìsàlẹ̀ etíkun, níbi tí fìlà koríko ńlá kan wà lórí àga. Dosia ò juwọ́ sí i, kò mi orí. Ọ̀rọ̀ náà dọwọ́ Kerwin, Dosia ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ lọ́la pé ìyá ìsàmì rẹ̀ ló tì í.

"Ọ̀gá," Kerwin ní, bí ẹni tó ń ṣàlàyé fún ọmọdé, "òkòtó ti dún."

Ó ṣí i. Òun ló ṣáájú wọn sáré sọ̀kalẹ̀.

Ọkọ̀ Bàbá Polit yí àpáta dé, àwọn ọmọ rẹ̀ ń wà á kíkankíkan, àwọ̀n sì ń tú sínú omi lẹ́yìn wọn títí tó fi yí òjìji náà ká. Wọ́n ju okùn sí ilẹ̀ ní ọ̀tún, wọ́n ju òmíràn ní òsì, ọwọ́ bo okùn. Obìnrin onímú pupa náà sáré lọ di okùn mú, ọkọ rẹ̀ tẹ̀lé e pẹ̀lú ṣòkòtò pénpé. Kò sẹ́ni tó béèrè ta ni wọ́n. Wọ́n ń fà, wọ́n ń ké, iyanrìn ń fò.

Ọwọ́ ń yún Dosia bí ìgbà tí yànmùyánmú jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ó di àga mú.

"Ọ̀lẹ!" Clemence kígbe sí i láti orí okùn. "Dìde kó o wá fà!"

"Líìfù!" Dosia kígbe padà.

"Ọlọ́run á bi ẹ́!"

"Tó bá máa bi mí, á kọ́kọ́ kí mi!"

Nígbà tí àwọ̀n gúnlẹ̀, fàdákà ló dà sórí iyanrìn, ó ń ta pàpà. Bàbá Polit ń sunkún, kò sì nu ojú. Ó pín ẹja fún gbogbo ọwọ́ tó kan okùn, ó pín fún obìnrin àlejò náà, ó pín fún Kerwin tí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ti rin gbingbin. Ìpín ẹni tó fọn òkòtó ló máa ń ṣíwájú, nítorí náà ó ti kọ́kọ́ gbé ti Dosia wá. Kò rí nǹkan bù ú sí, ni Dosia bá ṣí fìlà rẹ̀, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n kó ẹja kún un.

Ìgbà yẹn ni máníjà dé ẹ̀gbẹ́ àga. Bàtà rẹ̀ ti kún fún omi.

"Ẹ káàsán, Màmá Dosia," ó ní.

"Káàsán, ọmọ mi."

"Iṣẹ́ yín ti tán."

Ó dun Dosia. Ó ti mọ̀ pé ó ń bọ̀, síbẹ̀ ó dùn ún dé eegun, nítorí ó fẹ́ràn kíṣìnì yẹn, àwọn ìkòkò rẹ̀ mọ ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ẹja inú fìlà títí ojú rẹ̀ fi gbẹ.

"Ẹ ṣeun," ó ní. "Ṣùgbọ́n líìfù mi ò tíì tán. Mò ń bọ̀ lọ́la."

"Géètì á ti wà ní títì lọ́la." Máníjà yíjú sí àwọn èèyàn, ó gbóhùn sókè. "Ẹ ti fa àwọ̀n yín. Ó tó! Gbogbo yín, ẹ máa jáde. Kerwin, tẹ̀ lé mi wá ti géètì yìí."

Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Wọ́n kó ẹja wọn, wọ́n ń gòkè lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n tilẹ̀ ń kí i, "Ẹ káàsán, ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́." Dosia náà dìde níkẹyìn, ó gbé fìlà mọ́ra, ó sì tẹ̀ lé wọn. Ó ń ro bí òun á ṣe tún gba inú omi lọ́la. Nígbà tó dókè, ó bá gbogbo èèyàn tí wọ́n dúró, wọ́n ń wo géètì.

Géètì ṣí sílẹ̀ gbayawu, ilẹ̀kùn irin méjèèjì. Lórí wọn méjèèjì, láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n ti tẹ́ àwọ̀n Bàbá Polit, ó gùn ju géètì lọ, ó yí òpó, ó yí àgádágodo, omi ń kán lára rẹ̀ tó tó tó. Bàbá Polit ti jókòó sórí òkúta kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń rán ibi tó ya.

"Kerwin, ká a kúrò," máníjà ní.

Kerwin fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. "Ọ̀gá, ẹ fi ojú ara yín wò ó. Àwọ̀n ni."

Máníjà pòṣé, ó kọjá lára rẹ̀, ó na ọwọ́ sí i fúnra rẹ̀. Gbogbo wa ń wo ọwọ́ yẹn. Ó ku ìka kan kó kan okùn, ó dúró. Dosia ló súnmọ́ ọn jù, ó sì rí bí ojú rẹ̀ ṣe yí, bí ojú ọmọ tí bàbá rẹ̀ àgbà pè lórúkọ lẹ́yìn ilé. Ó lè wọ bàtà dúdú títí ayé, ìlú apẹja ṣì ni wọ́n bí i sí. Ó ki ọwọ́ náà bọ àpò.

"Bàbá," ó ní, kò sì gbójú sókè, "ìgbà wo ló máa gbẹ?"

Bàbá Polit wo oòrùn. Ó wo òkun. Ó wo Dosia pẹ̀lú fìlà ẹja rẹ̀.

"Nígbà tó bá gbẹ."

Lọ́jọ́ kejì, Dosia ò jí kí àkùkọ tó kọ. Ó sùn dáadáa, ó jẹ ẹja díndín, ó dé fìlà rẹ̀ tó ṣì ń rùn fìn-ìn, ó sì gba ìgboro lọ bí ẹni tí ò níbi í lọ, korobá omi òkun kan lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́nu géètì Ti Sab, ó pàdé Fada Augustin tó ń bọ̀, korobá òfìfo ni tirẹ̀, etí aṣọ gígùn rẹ̀ sì ti rin.

"Káàárọ̀, Dosia."

"Ẹ káàárọ̀, Fada. Ṣé ó ti gbẹ?"

"Ó ṣì tutù díẹ̀," ni Fada wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Dosia gbé korobá sókè, ó rọra da omi náà sórí àwọ̀n láti òkè délẹ̀, kò fi ibì kankan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gba àárín géètì kọjá, ó sọ̀kalẹ̀ lọ síbi àga rẹ̀.